Àtàǹpàkò Ọ̀tún

Bàbá mi, tó ń lẹ táyà ní Tákíè,
gbé ojú sókè láti inú abọ́ omi:
"Saikọ́lọ́jì kín ni o pè é?"
Mo ní ti àwọn tó ń gbá géèmù,
àwọn tó ń du ife-ẹ̀yẹ lórí ayélujára.
Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn,
sólúṣọ̀n gbẹ mọ́ èékánná wọn bí ìpẹ́ ẹja.
"Ẹni tó jókòó, tó ń ṣeré,
kí ló tún ń dùn ún?"

N ò lẹ́sì.
Mo gbé báàgì kọ́ apá, mo lọ sí Ọ́ńdá-Jíì.

Ṣọ́ọ̀bù Àkànmú ò ju yàrá kan lọ:
fáànù méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ń wò ó níran;
jẹnẹrétọ̀ ń gbó bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Oyètádé.
Ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìka rẹ̀ yára
ju abẹ́rẹ́ télọ̀ ní àìsùn ọdún Iléyá.
Àmọ́ tó bá ku góòlù kan, tó ku ìṣẹ́jú kan,
àtàǹpàkò ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì
bí ewé kajú tí òjò kọ́kọ́ kàn.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo kọ ìbẹ̀rù ìkùnà. Mo kọ àìsùn.
Mo kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá tí tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ.
Dókítà Ìbíyẹmí mú bíírò pupa,
wọ́n fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀:
"Ohun tí o rò nìyí.
Èwo ni ọmọ náà sọ níbẹ̀?"

Ìtìjú sìn mí dé ilé. A jọ sùn.

Mo padà lọ, mo fi ahọ́n sílé.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló ń sọ.
Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sọ̀rọ̀ rárá; a jọ jẹ ẹ̀pà tán.
Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó wo ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì:
"Ẹ̀gbọ́n, fíríìsà tí ìyá mi fi ń ta omi tútù,
wọ́n tà á kí n tó ní páàdì.
Bí mo bá ti dì í mú báyìí,
yìnyín ló ń wọ eegun mi."

Gbogbo ìwé tí mo kà dìde lọ́nà ọ̀fun mi.
Mo gbé wọn mì bí oògùn ibà.
Mo ní, "Ó tutù."
Ó ní, "Ó tutù gan-an."

Kò gba ife o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ níbí.
Ìbàdàn ni wọ́n ti nà án, méjì sí ọ̀kan.
Mo wà lẹ́yìn àga rẹ̀, mò ń wo àtàǹpàkò:
ó ń gbọ̀n, ó sì ń gbá a;
ó ń gbọ̀n, ó sì ń gbá a.
Nígbà tó bọ́ yíàpíìsì létí, ó ní,
"Ó gbọ̀n o, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò kàn bá a jà ni."
Mo wo ọwọ́ tèmi:
bíírò inú rẹ̀ ò dúró jẹ́ẹ́.

Àárọ̀ Sátidé, Tákíè.
Bàbá mi ri túùbù bọ omi.
Wọn ò bi í pé níbo ló ń dùn ọ́.
Wọn ò wàásù fún un.
Wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró,
títí afẹ́fẹ́ kan fi yọ, pọ́, lójú omi.
Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ rèé."
Wọ́n fi ìka dí ojú ihò náà,
wọ́n wò mí títí.
"Èló wá ni wọ́n ń san?"