Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ní ìlú Łódź, ní òwúrọ̀ tí yìnyín ti bo ojú irin,
èmi Bogumiła ni mo ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro.
Agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni mo ti ń jáde nílé,
tí ajá aládùúgbò kò tíì na ara.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀,
mo ní, "Fadá, n kò ráyè gbàdúrà."
Fadá Zenon wúkọ́ lẹ́yìn àwọ̀n pákó.
Ó ti darúgbó, etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.
Ó ní, "O ní o kò rí ayé?"
Mo ní rárá o, ayé ni mo rí,
àyè ni n kò rí.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn.
Ìgbà tó yá ló bi mí:
"Níbi tí ọkọ̀ rẹ ti ń yí padà,
ìṣẹ́jú mélòó lo máa ń dúró?"

Mọ́kànlá.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ní òpin ọ̀nà,
níbi tí irin ti yí po bí òrùka
lẹ́bàá ilé ìhunṣọ tí wọ́n ti tì pa,
níbi tí ìyá mi Leokadia ti hunṣọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
N kò sọ ohun tí mo ń fi wọ́n ṣe fún Fadá:
mo ń fi àtàǹpàkò ti ayé sókè lójú fóònù,
ìjà àwọn tí n kò mọ̀,
oúnjẹ àwọn tí n kò ní bá jẹ,
mo ń ka gbèsè gáàsì,
mo ń bá àbúrò mi jà lọ́kàn
lórí ilẹ̀ bàbá wa tí a kò tíì pín.
Nígbà tí mo bá fi máa tẹ agogo pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra,
ó ti rẹ̀ mí ju ìgbà tí mo dé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pa fóònù.
Ẹ má jẹ́ kí n purọ́: Ọlọ́run kò sọ̀rọ̀.
Ìdákẹ́jẹ́ ló wọlé, ó kó gbogbo ariwo mi dání,
bí àlejò tó ṣa ẹrù tí mo ti dà nù
tó sì rù ú padà wá bá mi.
Mo ní "Mo kí ọ Màríà", mo dé "oore-ọ̀fẹ́",
mo rántí pé bóyá n kò pa iná ìdáná.
Mo tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi tún yọjú.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá pé, n kò tíì dé ìlẹ̀kẹ̀ kẹrin.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà.
Ọjọ́rú, mo sùn lọ.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kejì ìgbà Bíbọ̀ Olúwa,
iná ojú ọ̀nà kú,
ọkọ̀ dúró gbọnin láàárín òpó méjì.
Èrò mẹ́sàn-án. Ọkùnrin kan ń ṣépè, ọmọ kan ń sunkún.
Mo ń retí ẹ̀rù tó máa ń di àyà mi mú.
Mo wá a títí, n kò rí i.
Ọwọ́ mi wà lápò, lórí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ìyá mi,
èyí tí okùn rẹ̀ já nígbà kan
tó fi òwú ilé iṣẹ́ so padà.
N kò gbàdúrà. Mo kàn di kókó okùn náà mú ni.
Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, wọ́n ń bọ̀."
Ohùn náà yà mí lẹ́nu:
ohùn Leokadia ni,
ohùn ẹni tí kò kánjú
nínú yàrá tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ti ń pariwo.

Màmá, a kò bi ọ́ rí ibi tí o ti ń rí àyè.
Ètè rẹ máa ń mì nídìí ẹ̀rọ,
a sì rò pé o ń ka òwú.

Lọ́la, mo tún ní mọ́kànlá.
Bí mo bá sùn lọ,
kí Ó ṣáà jókòó tì mí.