Àpò-Ìwé Tí Kò Lórúkọ

Oṣù kejì, ní Kuuseveere, ilẹ̀ Estóníà.
Oòrùn yọjú bí àlejò tó ṣìnà,
ó wo inú àgbàlá, ó padà sẹ́yìn.
Yìnyín ga dé orúnkún ìyá mi.
Ọgbà sùn sábẹ́ rẹ̀, ó funfun láúláú,
ẹ ò ní mọ̀ pé ebè wà níbẹ̀ rí.

Ìyá mi ò sùn ní tiẹ̀.
Ó ti wọ bàtà Bàbá, ó ki ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́nu
kó má baà yọ lẹ́sẹ̀,
ó gbé àkàbà lọ sídìí igi ápù.
“Helju, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin mà ni ọ́!”
Kalju aládùúgbò ló ń pariwo lójú fèrèsé.
Ìyá mi ní, “Igi yìí ò béèrè ọjọ́ orí mi.”
Ó fa ayùn. Ẹ̀ka tó kọjú sínú, ó gé e.
Èyí tó ń fara ha ẹnìkejì rẹ̀, ó gé e.
Èyí tó nà ṣánṣán sókè, tí kò ní so nǹkan kan,
tó kàn ń jẹun lásán bí àrẹ̀mọ,
ó wò ó títí, ó gé òun náà.

Eku ti bó èèpo igi kékeré kan yíká nídìí.
Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó ṣépè fún eku,
ó fi àkísà wé ọgbẹ́ náà
bí ẹni ń wé ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣubú.

Nínú ahéré, èmi ni mo ń pọ́n ṣọ́bìrì.
Bàbá ló máa ń ṣe é.
Òkúta ń ké, irin ń dáhùn,
ìpata pupa ń dà sí mi nítan.
Mo fi òróró pa èèkù rẹ̀,
igi náà mu ún bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ.
Ibi méjì wà lára rẹ̀ tó ti jẹ sínú:
àtẹ́lẹwọ́ kan náà, ogójì ọdún.
Ọwọ́ mi ò kún ibẹ̀.

Lọ́sàn-án, a sọ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀
láti ṣa ọ̀dùnkún.
Èyí tó rà, sínú garawa.
Èyí tó ti ń yọ ojú, sórí pẹpẹ,
nítorí ó ti gbọ́ ohun tí àwa ò tíì gbọ́.

Alẹ́ lẹ́ la da páálí irúgbìn sórí tábìlì.
Bàbá kọ nǹkan sára gbogbo àpò-ìwé:
“Kárọ́ọ̀tì. Ó dùn.”
“Kábéèjì Kalju. Ẹ má gbìn ín mọ́.”
“Ẹ̀wà ìyá Helju, láti ayé ogun.”
Ọ̀kan ló wà tí kò kọ nǹkan kan sí.
Hóró mẹ́sàn-án, pẹlẹbẹ, aláwọ̀ eérú.
Ìyá mi mì ín létí. Ó gbóòórùn rẹ̀.
Ó fi hóró kan sẹ́nu, ó yára yọ ọ́ jáde.
“Ṣé ó sọ fún ọ?”
Kò sọ fún mi.
Oṣù kẹwàá ló lọ, lẹ́yìn tó gbin ààyù tán.
Èèpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀ nígbà tí a tẹ́ ẹ.
Ìyá mi ní ká má fọ̀ ọ́.

Wọ́n ní ohun tí a bá gbìn la ó ká.
Ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbìn ńkọ́?

Ó tẹ́ aṣọ tútù sínú àwo,
ó to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.
Ọjọ́ mẹ́rin, kò sí nǹkan.
Ọjọ́ keje, yìnyín tún dà sórí yìnyín.
Kalju ní ká da á nù.
Ìyá mi ń wọ́n omi sí i.
Ọjọ́ kọkànlá, ó pè mí lórí fóònù ní Tartu,
kò kí mi, kò béèrè ọmọ:
“Ọ̀kan ti la ẹnu.”

Ó ti wà nínú ife lójú fèrèsé báyìí, ewé méjì péré.
“Kí ni?” ni mo bi í.
“Ewé méjì àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló jọra.
Ewé kẹta ni yóò sọ̀rọ̀.”
Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa lọ,
omi ti ń kán tó… tó… létí òrùlé,
òun fẹ́ gbé garawa sí i.