Òjé Inú Ọkọ̀

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kàn, ẹ̀gbẹ́ ló fi sùn.
Mo gbé e lé ojú ọ̀sà ní èbúté Ìwópìn,
ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
ó mumi, ó lọ.
Àwọn ọmọ tó ń fọ ẹja fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.
Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.
Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ inú omi,
ó yọ ọ́ jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi lé mi lọ́wọ́:
"Ọma mi, níbo lomi ti ń wọlé?"
Mo ní n kò mọ̀.
"Tóò. Lọ wò ó."

Ẹ̀kejì, arère tútù ni,
àjákù tí mo ṣà ní sọ́míìlì Ṣónúgà.
N kò dúró kó gbẹ. Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan,
mo fẹ́ fi ṣe fọ́ńtẹ́ lójú àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́.
Ọyẹ́ fẹ́ lóru ọjọ́ kan péré,
ọkọ̀ mi ká kò bí ẹni inú ń run.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.
Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ lẹ́tà ni mo fi lẹ̀ ẹ́.
Ó mà rẹwà lórí tábìlì o! Fèrèsé mẹ́jọ, òpó èéfín kan.
Nígbà tó dójú omi,
pákó kan dágbére fún èkejì,
lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀nàsànyà, bàbá mi, kì í báni wí.
Pẹ́ńsùlù etí rẹ̀ ló máa ń fà yọ,
á kọ ọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́:
Igi kò gbẹ.
Gọ́ọ̀mù ìwé.
Ojú ló fi wọ̀n ọ́n, kò mú rúlà.
Á wá gbé e sórí pẹpẹ, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà.
Ìyá mi ní ilé òun ti di itẹ́ òkú ọkọ̀.
Mo kórìíra pẹpẹ yẹn.
Àlejò kan kò ní wọlé kó má kà á sókè.

Nítorí pé lókè rẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ wà,
lọ́ọ̀ǹṣì tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Ìwópìn nígbà èwe rẹ̀:
ọ̀gànwó pupa, kò gùn ju apá mi lọ,
bẹ́ǹṣì inú rẹ̀ kò ju èékánná,
òwú àwọ̀n ló fi hun okùn rẹ̀.
Bó bá gbé e sómi, á dúró ṣánṣán.
Mo rò pé wọ́n bí iṣẹ́ náà mọ́ ọn ni.
Mo rò pé ọwọ́ tèmi ló burú.
Mo fi ayùn sílẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán.

Ó kú lóṣù Òkúdù. Lẹ́yìn ọdún méjì,
ọyẹ́ la lọ́ọ̀ǹṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo gbé e, nǹkan ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.
Mo fi ọ̀bẹ ṣí ilẹ̀ inú rẹ̀.
Òjé ni. Òjé àwọ̀n ẹja, mẹ́ta,
ó fi ọ̀dà dúdú lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì;
ẹ̀kẹta ló já.
Mo fi àtàǹpàkò wọn igi ọ̀tún: ó nípọn jù tòsì lọ.
Lábẹ́ òjé, ọwọ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́:
Ó tẹ̀ sí ọ̀tún.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.
Káyọ̀sọ́lá ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ ń sunkún ni àbí ẹ ń rẹ́rìn-ín?"
Mo ní kó bu omi wá sínú agbada.

Mo gbé ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ,
mo nu eruku rẹ̀, mo gbé e sómi.
Ó tẹ̀ sí ọ̀tún.
Ọ̀tún kan náà.
Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ní, "Níbo lomi ti ń wọlé?"