Àyè Ẹkùn

Ìdájí la ti kúrò ní Ìsokùn,
ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá, omi nínú kẹ́ẹ̀gì,
Àkànjí ń bú ramúramù lẹ́yìn ọkọ̀
títí ìyá rẹ̀ fi ní, "Ẹkùn, ó tó."

A rí ìrá mẹ́ta.
A rí ọ̀bọ tó jí ẹ̀pà wa gbé,
a rí odò Ògùn tó gbẹ kan òkúta.
A ò rí ẹkùn.

Oyèdòkun, ẹ̀ṣọ́ igbó, nu òógùn ojú:
"Ọdún kọkàndínlógún mi rèé níbí,
ojú mi ò tíì kàn án rí."
"Kí lẹ wá ń ṣọ́?" Àkànjí ló bi í.
Ọkùnrin náà wo inú igbó lọ réré.
"Àyè rẹ̀ ni.
Ẹni tó bá rìnrìn àjò,
ṣé a máa ń wó ilé rẹ̀ ni?"

A délé. Awọ ẹkùn bàbá bàbá mi
ṣì wà lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ihò ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju kọ́bọ̀ lọ.
Orí ẹ̀ lọmọ yìí máa ń jókòó jẹun.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò yẹn díẹ̀,
ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.