Ìṣó Kẹta

Ìṣó kìíní tẹ̀ bí ìka arúgbó.
Ìkejì wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀kọ,
ó bá jáde, òun àti abala símẹ́ńtì kan
tó ya lu tẹlifíṣọ̀n Àǹtí Sùwébátù gbàà.
Ìkẹta ṣì wà lẹ́nu Bùsàrí káfíńtà.

Ó fi eegun ìka kan ògiri, kó, kó, kó,
bí ọkọ ìyàwó níwájú ilé àna.
Ó gbé etí lé e, ó yọ ìṣó lẹ́nu:
"Ihò ni. Símẹ́ńtì kàn fara ti amọ̀ ni,
wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri yìí
lọ́dún tí iléeṣẹ́ irin jẹ wọ́n lówó oṣù mẹ́fà:
yanrìn odò pọ̀, símẹ́ńtì ò tó nǹkan,
gbogbo Òkè-Bàálẹ̀ sì ń kí i pé ilé ń dán.
Òun náà ló jó férémù yìí, irin ojúlówó,
tó wúwo bí ọ̀rọ̀ tí kò bá wa sọ rí.
Ògiri rẹ̀ ò lè gbé irin rẹ̀.

Mo ní ká ra ìṣó kọnkéré lọ́jà Ìgbọ̀nà.
Bùsàrí mi orí. Ó gun àga dé igi àjà,
ó so wáyà ìlọ́po mẹ́ta, ó gbé fọ́tò Bàbá kọ́.

Bí tírélà bá gba títì kọjá,
Bàbá náà á mi orí díẹ̀.
Ihò ẹ̀yìn rẹ̀, a ò tíì dí i.
Àǹtí Sùwébátù ní ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.