Pákó Márùn-ún Lórí Yìnyín

Tuulikki to pákó márùn-ún sórí yìnyín
lẹ́yìn ilé ìkówèésí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún kọ́,
ó tan iná gáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè
bí ìyá ìyàwó tó ń wádìí ìdílé ọkọ.

Ìwọ páìnì, ta ni bàbá rẹ?
Òórùn rẹ dùn, ara rẹ mọ́,
ṣùgbọ́n oje inú rẹ ń pe iná lórúkọ.
Kó tó ka ẹ̀wá, ó ti gbiná.
Ó fi bàtà tì í sínú yìnyín. Ó dún ṣàà.

Èkejì kun ọ̀dà.
Ọ̀gbẹ́ni Pulkkanen tó ń tà á ní,
"Ẹ wò ó bó ṣe ń dán bíi dígí."
Lóòótọ́ ni. Ọ̀dà náà yọ́, ó ń kán tó, tó,
ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan mú iná tirẹ̀ dání bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ jó. Èéfín ló ń tú.
Veikko, panápaná tó ti fẹ̀yìn tì,
tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbé ọwọ́ sókè:
"Irú èéfín yìí ló pa Impi.
Iná ò fọwọ́ kàn án.
Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tutù,
ìgbálẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri."
Ó ń wo ògiri tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Yìnyín ń bọ́ sínú kọfí wa.

Ẹ̀kẹrin dára. Owó rẹ̀ ni kò ṣe é gbọ́;
akápò ìlú fi bírò rẹ̀ ha etí.

Ẹ̀karùn-ún, igi kóífù, kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ti rì í sínú iyọ̀ kan
tí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀.
Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́yìn: B fún iná,
oókan fún èéfín, òdo fún ẹ̀kán.
Bébà lè purọ́. Tuulikki fi iná sí i,
ó ń kà: ọgọ́ta, ọgọ́fà, igba,
ojú igi náà dúdú, ó le,
ó di èédú tó ń ṣọ́ igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀,
bí ẹ̀gbọ́n tó fẹ̀yìn gba òjò fún àbúrò.

"Yóò jó náà ni," Veikko wí.
"Mo mọ̀. Ìṣẹ́jú ni mo wá rà."
"Mélòó?"

Ó rìn ín, ìrìn ọmọ ọdún mẹ́fà,
bíi pé ìwé wà lábíyá rẹ̀, kò sáré,
láti igun àlọ́ títí dé ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà.
Yìnyín mù ún dé orúnkún.

"Iye yìí," ló wí,
"ká fi díẹ̀ lé e
nítorí èyí tí yóò dúró wọ bàtà."