Irun Lábẹ́ Ìwé

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wakọ̀ gba àárín òkè nínú òjò
kí n tó dé ìlú kékeré yìí ní Kẹ́ńtọ́kì.
Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà.
Mo ti ka ìwé ìpolówó wọn tán láti ilé,
ṣùgbọ́n ìwé ìpolówó kì í sunkún, kì í jẹ gbèsè.
Àwọn tó wà nínú odò ni mo wá bi
bí omi ṣe tutù tó.

Kou Vang ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà,
ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúdú, tòsì aláwọ̀ ewé.
Verlie Stapleton tẹ̀lé e, ọmọ awakùsà bíi tèmi,
àti Thaddeus, tó ti ṣe panápaná fún ogún ọdún
kó tó padà wá jókòó ti àwọn ọmọdé nínú kíláàsì.

"Dókítà ni wá bí dókítà yòókù," Kou wí.
"A ó kọ oògùn, a ó fi ọ̀bẹ la ara.
Àmọ́ wọ́n tún ń kọ́ ọwọ́ wa
bí ẹni ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ.
Ìdánwò àṣewọlé? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é.
Mi ò tíì sọ ti àkọ́kọ́ fún ìyá mi títí dòní."

"Wá dókítà irú tiwa kan," Verlie wí,
"máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí nọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò fi mọ irú tíì tí o ń mu,
kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà fún ọ.
Wọn yóò bi ọ́ pé, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa?
Èmi purọ́. Mo ní láti kékeré ni mo ti ń lá àlá ibí.
Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, Tamsin.
Ibí ló ṣí. Ìfẹ́ dé lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Mo bèèrè iye gbèsè tó wà lọ́rùn wọn.
Thaddeus gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀:
"Má bi mí nígbà tí mo bá ń jẹun."

Kou fa irun kan tu lórí ara rẹ̀,
ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì,
ó já ewé kan nínú ìwé nọ́ńbà fóònù àtijọ́, ó fi bò ó.
"Dijú. Wá a."
Ewé kan, mo rí i. Ewé méjì, mo rí i.
Ní ewé kẹrin, ilẹ̀ ṣú fún ìka mi.
Verlie rí i lábẹ́ mọ́kànlá.
"Ní oṣù àkọ́kọ́," ó wí,
"mo rò pé gbogbo kíláàsì ló ń parọ́."

Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìdánrawò.
Kou tọrọ ààyè, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.
Ọwọ́ náà ń lọ, ń lọ, ó dúró.
"Egungun ìhà yìí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mí.
Kí ló ṣe é?"

Oṣù kejì ọdún, àtẹ̀gùn tó ti di yìnyín,
ọkùnrin rìbìtì kan lórí àkéte ọkọ̀ aláìsàn wa.
Mo gbé e. Nǹkan kan ró pàù nínú mi.
Mi ò sọ fún ọ̀gá, nítorí owó iṣẹ́ alẹ́.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan dijú, ó gbọ́ ọ.

Mo délé lóru. Bàbá mi ti sùn sórí àga,
rọ́bà afẹ́fẹ́ ní imú rẹ̀,
èédú ọgbọ̀n ọdún nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.
Mo ṣa irun funfun kan ní èjìká rẹ̀,
mo kó lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ èṣí jáde, márààrún,
mo ń tò wọ́n lé irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àkọ́kọ́, mo rí i. Èkejì.
Ní ẹ̀kẹta mo dúró pẹ́, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń mí,
mo rí i.

"Kí lò ń wá?" Bàbá ti jí.
Mo ní, "Irun yín ni."
Ó ní, "Ìwọ̀nba tó kù yìí náà?"
Ó padà sùn.
Mo fi ẹ̀kẹrin lé e.